Kíláàsì Faransé ti Yábàá: ẹ gba ti Sátidé, ẹ fi ti ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń da ìbéèrè bò mí látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò ìwé Faransé mi sórí status, ó yá, ẹ wá gbà á o. Mo ti ṣe A1 àti A2, ìyẹn ìpele méjì àkọ́kọ́ (B1 àti B2 ló tẹ̀lé wọn), tán ní kíláàsì yẹn, owó ara mi ni mo fi san án, kò sẹ́ni tó ní kí n wá bá òun polówó ọjà. Mi ò ní dárúkọ wọn ṣá, torí mo ṣì fẹ́ padà lọ ṣe B1 níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa fojú burúkú wò mí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ Yábàá dáadáa, tó mọ àárín Sábó sí Tẹ́júoṣó, á ti mọ ilé tí mò ń sọ. Èrò mi rèé ní kúkúrú: tẹ́ ẹ bá máa lọ, kíláàsì Sátidé ni kẹ́ ẹ gbà. Ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ dákun, ẹ fi owó yín ra ìrẹsì.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ owó àti àyè kí n lè ráyè sọ èyí tó wù mí. ₦80,000 ni ìpele kan, wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ san án lẹ́ẹ̀mejì tẹ́ ẹ bá mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, owó ìwé ò sí nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé fótókọ́pì ni wọ́n ń pè ní ìwé. Yàrá yẹn há díẹ̀. Fáànù méjì, AC kan tí ariwo ẹ̀ pọ̀ ju atẹ́gùn ẹ̀ lọ, àmọ́ tí iná bá lọ wọn kì í fi jẹnẹrétọ̀ ṣahun, ilé ìyàgbẹ́ mọ́, omi ń yọ. Ẹ wọ dánfó, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Sábó, ẹ fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tó bá gbé mọ́tò wá, Ọlọ́run ló mọ ibi tó máa páàkì ẹ̀ sí.

Àwọn wo lẹ máa bá níbẹ̀? Ká sòótọ́, ìdajì kíláàsì, Kánádà ni wọ́n ń wá lọ. Ẹ ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Nínú Express Entry tí Kánádà fi ń yan èèyàn, ẹni tó bá gbọ́ Faransé dáadáa lè rí tó 50 póìntì kún tiẹ̀, láti 2023 ni wọ́n sì ti ń ya àwọn tó gbọ́ Faransé sọ́tọ̀ mú. Torí náà ọ̀rọ̀ póìntì lẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ju bonjour lọ. Àmọ́ ìdajì tó kù yẹn ló jẹ́ kí kíláàsì dùn. Alhaja kan wà tó ń ta léèsì ní Balógun, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àwa la máa ń gba báàgì lọ́wọ́ wọn tí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn. Díákónì kan wà tí ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ fẹ́ gbé lọ sí Lòmé. Ọmọkùnrin kan wà tó ń dúró de admíṣọ̀n, àwọn òbí ẹ̀ ní kàkà kó jókòó sílé kó máa tẹ fóònù, kó lọ kọ́ nǹkan. Ọ̀gá kan wà, ọmọ Íbò, pààtì mọ́tò ló ń tà ní Ládípọ̀, àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ kan ń ti Kàmẹrúùnù wá. Èmi ní tèmi, ọ́fíìsì tó ń báni kẹ́rù jáde ní Àpápá ni mo wà, ìwé láti pọ́ọ̀tù Kútọnu máa ń dé sórí tábìlì wa, ẹnì kan ṣoṣo tó lè kà á láàárín wa sì ti já pá.

Mùsíọ̀ ló ń kọ́ ti Sátidé. Bẹ́ẹ̀ là ń pè é, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ ẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ìyẹn Porto-Novo tó jẹ́ olú-ìlú Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé bàbá ẹ̀, Gùn ni wọ́n ń sọ nílé ìyá ẹ̀, Faransé ló fi kàwé láti kékeré, ó dàgbà tán kó tó wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó níbí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọlé, kò ṣí ìwé rárá. Ó ya máàpù Nàìjíríà sára bọ́ọ̀dù, ó ní ká dárúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tó bá wa pààlà lórí ilẹ̀. A ní Bẹ̀nẹ̀, Niger, Chad, Kàmẹrúùnù. Ó ní ó dáa, èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọn kì í ti í fi Faransé ṣiṣẹ́ ìjọba? A wo ara wa. Kò sí ọ̀kan. Kàmẹrúùnù fi Gẹ̀ẹ́sì kún tiẹ̀, Chad fi Lárúbáwá kún tiẹ̀, àmọ́ Faransé wà níbẹ̀. Gbogbo ibi téèyàn bá yíjú sí téèyàn bá ti fẹsẹ̀ rìn kúrò ní Nàìjíríà, Faransé ló máa bá.

Ó wá fa ìlà sáàárín Kétu (ti Bẹ̀nẹ̀ o, kì í ṣe ti Èkó) àti Ìmẹ̀kọ tiwa ní Ògùn. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe láàárín ara wọn ní 1889 ló gé ilẹ̀ yẹn sí méjì, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá ni wọ́n. Mùsíọ̀ ní kí ló ṣẹlẹ̀ látìgbà yẹn? Ọmọ ẹ̀gbọ́n ń fi Faransé kàwé lọ́hùn-ún, ọmọ àbúrò ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé níbí, tí wọ́n bá pàdé níbi òkú bàbá àgbà, Yorùbá ni wọ́n á fi sunkún, àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ àti ilé ẹjọ́, wọ́n á wá ògbufọ̀ fún ọmọ ìyá kan náà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàwàdà, àmọ́ mo rí i pé ọ̀rọ̀ ilé wọn ló ń sọ. Ibi tí kíláàsì yẹn ti wọ̀ mí lára nìyẹn. Ọ̀pọ̀ kíláàsì Faransé, Paris ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé yín lọ. Eléyìí, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìkíni ló tẹ̀lé e, odidi Sátidé kan sì la fi ṣe é. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mùsíọ̀ sọ tábìlì ẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù, ó ní ká máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan ká wá ra nǹkan. Ọ̀gá Ládípọ̀ wọlé, ó nàka sí ọjà, ó ní "combien?" Mùsíọ̀ ní kó jáde. Ó tún wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín, "combien?", wọ́n tún lé e. Èmi náà wọlé, wọ́n lé mi. Ẹni tó tẹ̀lé mi, bákan náà, torí ọmọ Èkó ni gbogbo wa, "èló ni?" la fi ń wọlé síbi gbogbo. Àfìgbà tí Díákónì fi ohùn ìwàásù sọ pé "Bonjour, Monsieur", tó dúró kí wọ́n dá a lóhùn, kó tó wá béèrè iye, ni ọjà tó tà. Mùsíọ̀ ní ní Kútọnu, ní Lòmé, ní Abidjan, àní ní Paris lọ́hùn-ún, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí ò kí ẹni tó bá níbẹ̀, ẹni tí wọn ò kọ́ nílé ni wọ́n máa kà á sí, wọ́n lè má tiẹ̀ dá a lóhùn, tí wọ́n bá sì dá a lóhùn, owó ọjà ẹ̀ á ti lé díẹ̀.

Alhaja pariwo. "Hẹ̀ẹ́n-ẹ̀n! Ohun tó ń ṣe wọ́n nìyẹn!" Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn oníbàárà láti Kútọnu àti Tógò ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ní Balógun, wọ́n á wọlé, wọ́n á sọ nǹkan kan jẹ́jẹ́, àwọn ò sì gbọ́, àwọn á kàn ju owó ọjà lù wọ́n, "last price nìyẹn o", ojú wọn á kọ́rẹ́, wọ́n á jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmí-ìn. "Mo máa ń sọ fún ọmọ tó ń bá mi tajà pé ẹ wo àwọn onígbèéraga yìí. Àṣé ńṣe ni wọ́n ń kí mi! Èmi tí mi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi jẹun tí ò bá kúnlẹ̀ láàárọ̀!" Mùsíọ̀ ní "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà, ìkíni náà nìyẹn, èdè ẹ̀ ló yàtọ̀." Bóyá ọjà Alhaja tà sí i lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè sọ, àmọ́ mo gba Balógun kọjá lọ́jọ́ kan, ọmọ tó ń bá wọn tajà ló fi bonjour gbà mí, kò tiẹ̀ wo ojú mi kó tó sọ ọ́.

Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ò ní jìyà lórí ẹ̀ rárá. Pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ bá àgbà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀, kíá la ti kọjá ẹ̀, Ọ̀gá Ládípọ̀ ló jà fitafita lórí ìyẹn torí èdè tiẹ̀ ò yà á sọ́tọ̀ bíi tiwa. Òǹkà náà ńkọ́? Gbogbo ayé ló ń bú òǹkà Faransé, pé kí ló dé tí 80 fi jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́rin, tí 90 wá jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́rin àti mẹ́wàá lórí ẹ̀. Àwọn tó ń sọ Faransé ní Belgium àti Switzerland gan-an ti wá ọ̀rọ̀ mí-ìn fún 90 tiwọn. Mùsíọ̀ ò ṣàlàyé, ó kàn kọ ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún sára bọ́ọ̀dù, ó ní ká tú wọn. Ogún méjì, ogún mẹ́ta, ogún mẹ́rin, ogún márùn-ún. Ó jókòó. Ohun tó wá dójú tini níbẹ̀ ni pé àwọn tó ní dìgírì láàárín wa ni ò lè ka òǹkà Yorùbá kọjá ogún, Alhaja ló ń kà á fún wa, Mùsíọ̀ tó jẹ́ ará Àjàṣẹ́ ń bá wọn gbè é.

A2 ló wá gbóná. Ọjọ́ kan ó gbé ohùn kan wá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí rédíò, àwọn ará Niamey ló ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn sójà gbàjọba ní Niger ní July 2023. Ẹ rántí bó ṣe lọ. ECOWAS, tí Ààrẹ tiwa jẹ́ alága ẹ̀ nígbà yẹn, fìyà jẹ Niger, wọ́n ti bọ́dà pa, Nàìjíríà gé iná tó ń lọ sọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí wọ́n ń lò, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń rà á. Ohun tí àwa ń gbọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo àsìkò yẹn ni ìjọba àwaarawa, sójà, ṣé a máa jagun àbí a ò ní jagun. Nínú ohùn tí Mùsíọ̀ gbé wá, kò sí èyíkéyìí níbẹ̀. Iná tí ò sí, oúnjẹ tó ti wọ́n, ọkọ̀ ẹrù tó há sí bọ́dà, ìyẹn ni wọ́n ń sọ. A gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ń sáré kọjá létí wa. A tún gbọ́ ọ. Nígbà tó máa yé wa tán, kíláàsì ti pín sí méjì. Díákónì ní àwọn sójà ló fà á, kí wọ́n lọ bi sójà wọn. Ọmọ tó ń dúró de admíṣọ̀n, tí ò fi bẹ́ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ní ṣé màmá tó ń ta ata ní Niamey ló gbàjọba ni?

Bí wọ́n ṣe fẹ́ fi Yorùbá gbé e lọ báyìí, Mùsíọ̀ gbá tábìlì, ó ní Faransé nìkan. Ó wá di àrà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu ẹ̀ ò lè bú èèyàn, ẹ mọ̀? Kò lè pòwe mọ́ ẹ, kò lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ. Ó di dandan kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tẹ́nìkejì sọ, kó ní kí wọ́n tún un sọ, kó wá ọ̀rọ̀ márùn-ún tó ní kó fi dá a lóhùn. Mi ò tíì rí ibi tí ọmọ Èkó ti jiyàn ìṣèlú tó fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó máa ń sọ pé ẹni tó bá gbọ́ èdè mí-ìn á di ọmọ gbogbo ayé, ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí wọ́n ń sọ, kì í ṣe lára fọ́tò Eiffel Tower tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ríséṣọ̀n. Mo mọ ojú tí wọ́n fi ń wò wá ní Niamey báyìí. Mi ò ní mo gbà fún wọn délẹ̀ o, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n, ẹnu wọn ni mo sì ti gbọ́ ọ. Nígbà tí Mali, Burkina Faso àti Niger wá jáde pátápátá kúrò nínú ECOWAS ní January 2025, group WhatsApp wa ló kọ́kọ́ gbóná, nínú Faransé tó ń ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́. Ọ̀gá Ládípọ̀ ló rán wa létí pé Èkó níbí ni wọ́n ti fọwọ́ síwèé tó dá ECOWAS sílẹ̀ ní 1975. Alhaja ní àwọn rántí, ọmọge làwọn nígbà yẹn.

Ní ìparí A2 wọ́n máa ń ṣètò ìrìn àjò lọ sí Kútọnu fún ẹni tó bá wù, owó ẹ̀ lọ́tọ̀. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n háyà ò tètè dé, a dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí oòrùn fi mú, ẹni tó ṣètò ẹ̀ ò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Máàkì ti yọ níbẹ̀. Ìwé tẹ́ ẹ máa mú dání ni páspọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì, físà ò sí nínú ẹ̀, torí àdéhùn ECOWAS láti 1979 ti gbà wá láyè 90 ọjọ́ nílẹ̀ ara wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ni ò mọ èyí, wọ́n mọ ti Dubai dáadáa ṣá. Tẹ́ ẹ bá dé Kútọnu ẹ máa rí àwọn ọlọ́kadà wọn, zémidjan, nínú ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò, Mùsíọ̀ sì ní kí kálukú lọ dúnàá-dúrà fúnra ẹ̀, òun ò dá sí i.

Ní Tọ́kpá, ìyẹn ọjà Dantokpa, mo lọ dúró níwájú màmá kan tó ń ta aṣọ. Mo kí wọn, mo dúró, wọ́n dáhùn, mo béèrè iye, mo yọ díẹ̀ nínú ẹ̀, wọ́n kọ̀, mo fi díẹ̀ lé e, inú mi ń dùn pé mò ń ṣe dáadáa. Màmá yẹn wá fọwọ́ lérán, wọ́n ní "Ọmọ mi, Ìjẹ̀bú ni ẹ́ ni àbí Ẹ̀gbá?" Gbogbo àwọn tó wà nídìí ọjà bú sẹ́rìn-ín. Yorùbá pọ̀ ní Tọ́kpá bí nǹkan míì, ara Faransé mi ni wọ́n ti gbọ́ ilé mi. Díákónì ní owó tí mo san fún kíláàsì ti wọgbó nìyẹn. Mi ò gbà fún un. Friday ni ọjọ́ yẹn, mo yà sí ọ́fíìsì kan tó ń bójú tó ẹrù, ibi tí ìwé tó ń dé sórí tábìlì wa ní Àpápá ti ń wá, ẹni tó dá mi lóhùn ò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, fọ́ọ̀mù tó nà sí mi, Faransé ni látòkè délẹ̀. Mo kọ ọ́ tán, mo bi í ní ìbéèrè méjì, ó ṣàlàyé ohun kan tó ti ń dá ẹrù wa dúró tipẹ́, pé ibì kan wà nínú fọ́ọ̀mù tí a máa ń fi sílẹ̀ lófìfo torí a ò mọ ohun tó ń béèrè. Ọ̀gá mi ti dá owó kíláàsì padà fún mi lórí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan.

Wàyí o, ti ìrọ̀lẹ́. Mo wọ̀ ọ́ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ gba Sátidé lọ́wọ́ mi. Tísà mí-ìn ló ń kọ́ ọ, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò níkà nínú, àmọ́ ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ẹ̀ ló máa ń kà fún wa, lẹ́yìn náà ìbéèrè ìdánwò àtijọ́, ẹ mú A, ẹ mú C, ó parí. Àwọn èèyàn fún pọ̀ nínú yàrá yẹn débi pé ẹlòmí-ìn ń kọ̀wé sórí itan. Mo bá ẹnì kan níbẹ̀ tó ń gba máàkì gidi nínú ìdánwò àṣewò, tí ò sì lè ní kí wọ́n fún òun lómi mu ní Faransé. Kò rí ẹnì kankan bá sọ̀rọ̀ rí, kò rí ìdí tó fi yẹ kó bá wọn sọ̀rọ̀, ó kàn ń wá nọ́ńbà.

Wọ́n tún wá lẹ bébà ńlá mọ́ ẹnu ọ̀nà pé láti òdo dé B2 láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé A1 nìkan máa ń gbà tó wákàtí 60 sí 100 lọ́dọ̀ tísà, tó bá sì di B2, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ máa ń tó 560 sí 650. Wákàtí mẹ́rin ni kíláàsì Sátidé. Ẹ fi mẹ́rin pín 600, ọ̀sẹ̀ 150 nìyẹn, ó ń lọ sí ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá sọ oṣù mẹ́ta fún yín, ẹ bi í bóyá ẹ máa kó bẹ́ẹ̀dì wá ni. Sátífíkéètì tí wọ́n ń fún èèyàn níparí náà, ẹ fi ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́. Kánádà ò gbà á, ìdánwò Faransé tí wọ́n ń pè ní TEF Canada tàbí TCF Canada ni wọ́n ń gbà, ọdún méjì péré sì ni èsì yẹn fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé tí ọjọ́ ẹ̀ ò ní kọjá, DELF, ìwé ẹ̀rí Faransé ti ìjọba ilẹ̀ Faransé, ni kó lọ ṣe. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé èyí fún wa nígbà tí wọ́n ń gbowó, ẹnu àwọn ọmọ kíláàsì ni mo ti gbọ́ ọ.

Ìwé fótókọ́pì yẹn náà ò dáa tó. Ẹnì kan ń wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ lọ wo àwòrán, ẹnì kan ń ra oríṣiríṣi wàrà, ẹ wá ní ká ṣàpèjúwe họlidé wa lórí yìnyín. Yìnyín wo? Mùsíọ̀ máa ń ní ká ṣí i kọjá, ó ní ká júwe bí a ṣe ń ti Oṣòdì dé CMS fún àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abidjan dé, ibi tó ti máa wọkọ̀, ohun tí kọndọ́ ń pariwo, pé kó mú ṣéńjì dání. Kíláàsì á sì ta jí. Ìdajì àwọn tó ń fojoojúmọ́ sọ Faransé láyé yìí, kódà ó ju ìdajì lọ, Áfíríkà ni wọ́n wà, ó yẹ kí ìwé tí wọ́n ń tà fún ọmọ Èkó mọ ìyẹn.

Ibòmí-ìn ńkọ́? Ẹni tówó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lè lọ sí Alliance Française ní Ìkòyí, nínú Mike Adenuga Centre lójú ọ̀nà Osborne, ilé tí Macron fúnra ẹ̀ wá ṣí ní 2018, láíbìrì wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣe sinimá àti orin, ẹ sì lè ti ibẹ̀ ṣe DELF. Ẹni tó ń wá Jámánì, Goethe-Institut wà. Ti Ṣáínà, Confucius Institute wà nínú UNILAG ní Akọkà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra ọjà ní Guangzhou ì bá jàǹfààní ẹ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì wa tó ń ka Faransé, Abúlé Faransé tó wà ní Àjàrà lápá Badagry láti 1991 ni wọ́n ń lọ, kò sì jìnnà sí Sẹ̀mẹ̀. Ìjọba ti kéde láti 1996 pé Faransé ni èdè kejì tí a ó máa fi ṣiṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà, ẹ wá ní kí ọmọ yín tó wà ní JSS sọ gbólóhùn mẹ́ta fún yín kẹ́ ẹ wò ó. Àwọn ápù orí fóònù dáa fún ìgbà tẹ́ ẹ bá há sínú góslóò lórí Third Mainland, wọ́n á kọ́ yín ní ọ̀rọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa lé yín jáde nínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀.

Máàkì tèmi: kíláàsì Sátidé 4 nínú 5, wọ́n pàdánù ọ̀kan lórí bọ́ọ̀sì àti fótókọ́pì. Ti ìrọ̀lẹ́, 1½, ìlàjì yẹn fún jẹnẹrétọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ tètè lọ, torí ogún èèyàn péré ni Mùsíọ̀ ń gbà sí ti Sátidé, ẹ sì bèèrè kẹ́ ẹ tó sanwó pé ṣé òun ló ṣì ń kọ́ ọ. Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ máa bọ̀ nílé.

Èyí tó kàn tó ń wù mí báyìí ni Pọtogí. Òun ni ìkẹta nínú èdè tí ECOWAS ń lò, torí Guinea-Bissau àti Cape Verde, ẹrù láti ibẹ̀ sì máa ń gba ọwọ́ wa kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Pópó Àgùdà, nílé tí bàbá bàbá wọn tó ti Brazil padà wá kọ́, orúkọ Pọtogí ni gbogbo ilé ń jẹ́, kò sì sí ẹnì kan tó gbọ́ ọ mọ́, òun náà ti ní òun á bá mi lọ. Ẹni tó bá mọ tísà Pọtogí tó dáa ní Lagos Island, kó bá mi sọ, kó sì sọ iye tó ń gbà pẹ̀lú.